Ìwé Kan, Ọ̀pọ̀ Ọwọ́: Ìtàn Ohun Èlò Iṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Iṣẹ́ Olùkọ́

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ olùkọ́ pín sí. Èyí tí gbogbo ayé ń rí ni pé kí ó dúró níwájú àwọn ọmọ, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó, kí ó béèrè, kí ó sì gbọ́ ìdáhùn. Èyí tí ojú kì í sábà tó ni iṣẹ́ àkọsílẹ̀: ìwé orúkọ tí a ń pè ní àràárọ̀, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá, àròpọ̀ máàkì ìdánwò, ìwé èsì tí àwọn òbí ń retí, àti ìròyìn tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́. Bí ìparí táàmù bá ti ń súnmọ́ etílé, apá kejì yìí a máa jẹ apá kìn-ín-ní run. Olùkọ́ tí ì bá máa tọ́ ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà sọ́nà, ìdí ìṣirò ni yóò jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò ni bí àwọn ohun èlò kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe wọ inú iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí. Kì í ṣe àwọn ẹ̀rọ olówó gọbọi ni ọ̀rọ̀ kàn. Ohun tí ọ̀rọ̀ kàn ni ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ kọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé ìṣirò tí ń ro ara rẹ̀ pọ̀, fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí ń kó ìdáhùn jọ, àti kíláàsì orí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ àṣetiléwá ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a bi ìtàn nípa wọn. Níbo ni wọ́n ti wá? Kí ni wọ́n yí padà? Ta ni ó ni ohun tí a bá kọ sínú wọn? Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù lọ, òun ni a sì máa ń gbàgbé láti béèrè.

Kí a tó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí a mọ bí ẹrù àkọsílẹ̀ ti ṣe di ńlá. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá, orí àti ẹnu ni àkójọ ìmọ̀ wa wà: arọ́kìn ń tọ́jú ìtàn ọba, babaláwo ń tọ́jú ẹsẹ Ifá, a sì ń fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wa. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ìwé nígbà náà kò pọ̀, ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì nípọn. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tó 500,000 ní ọdún 1954 di èyí tí ó ju 800,000 lọ ní ọdún 1955. Ayọ̀ ńlá ni èyí fún àwọn òbí. Fún olùkọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ ìlà kan nínú ìwé orúkọ, àti ìlà kan nínú ìwé máàkì.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n lè gbé ohùn olùkọ́ kan dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ohùn náà kò ní ọ̀nà àbọ̀. Kò lè mọ ọmọ tí ó wá àti ọmọ tí kò wá. Kò lè gba ìwé, kò lè ro máàkì. Ohun èlò tí yóò gbé ìdajì ẹrù yìí kúrò lórí olùkọ́ kò tíì dé.

Ìyanu ibẹ̀ ni pé iwájú pátákó ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ohun èlò náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1978, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Dan Bricklin wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Olùkọ́ kan ń ṣe ìṣirò owó lójú pátákó. Ó fa ìlà ní òró, ó fa ìlà ní ìbú, nọ́ńbà kan sì ń gbé ara lé òmíràn. Nígbà tí olùkọ́ náà rí àṣìṣe kan, ó di dandan fún un láti nu ọ̀pọ̀ nọ́ńbà kúrò, kí ó sì tún wọn kọ. Bricklin bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa pátákó kan tí ó jẹ́ pé bí a bá tún nọ́ńbà kan ṣe, gbogbo nọ́ńbà tí ó gbé ara lé e yóò tún ara wọn ṣe. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bob Frankston, ni wọ́n ṣe é. VisiCalc ni wọ́n pè é, ó sì dé ọjà ní ọdún 1979 fún kọ̀ǹpútà Apple II. Lotus 1-2-3 tẹ̀lé e ní ọdún 1983, Excel ti ilé-iṣẹ́ Microsoft sì dé ní ọdún 1985.

Àpẹẹrẹ kékeré kan yóò fi hàn bí èyí ti kan olùkọ́. Ká ní ọmọ kan gba 62 nínú ìṣirò, 48 nínú èdè Yorùbá, 71 nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti 55 nínú ìtàn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 236. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ó jẹ́ 59. Lẹ́yìn tí ìwé èsì ti pé, olùkọ́ èdè Yorùbá rí i pé òun yí nọ́ńbà po: 84 ni ọmọ náà gbà, kì í ṣe 48. Àròpọ̀ náà di 272, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì di 68. Kì í ṣe ọmọ yìí nìkan ni àtúnṣe náà kàn. Bí ó bá gòkè láti ipò kẹsàn-án sí ipò kẹta, ipò àwọn ọmọ mẹ́fà tí ó kọjá lára wọn gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú. Nínú ìwé tí a fi ọwọ́ kọ, iṣẹ́ alẹ́ kan gbáko ni èyí, àárẹ̀ sì lè mú kí ẹlòmíràn sọ pé kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò orí ẹ̀rọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni olùkọ́ yóò tún kọ. Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kọjá pé iṣẹ́ yá. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni ó wà níbẹ̀, nítorí ohun èlò tí ó mú kí àtúnṣe rọrùn a máa mú kí òdodo rọrùn.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ni ó ṣì ń jókòó ti ìwé ìṣirò yìí, nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe wá lè jọ ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan jẹ́ ìtàn mìíràn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú VisiCalc. Ní ọdún 1960, Donald Bitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní PLATO, láti fi kọ̀ǹpútà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 1973, àwọn tí ń lo PLATO ti ń kọ ìwé sílẹ̀ fún ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Láàárín àkókò yìí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1968, Douglas Engelbart dúró níwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú San Francisco. Ó fi ohun kékeré kan hàn wọ́n tí a ń fi ọwọ́ tì kiri lórí tábìlì, èyí tí wọ́n ti sọ ní eku. Ó sì tún fi hàn wọ́n bí òun àti ẹlẹgbẹ́ òun tí ó wà ní ìlú Menlo Park ti lè jọ wo ìwé kan náà, kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ó pẹ́ kí ohun tí Engelbart fi hàn tó dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1995, Ward Cunningham gbé ojú ewé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kà á lè tún un kọ. Ó sọ ọ́ ní wiki, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kíákíá ní èdè àwọn ará Hawaii, èyí tí ó ti gbọ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Honolulu, níbi tí wọ́n ti ń fi í pe bọ́ọ̀sì kan. Láti ara rẹ̀ ni Wikipedia ti ṣẹ̀ ní ọdún 2001, èyí tí ó ní ẹ̀ka èdè Yorùbá tirẹ̀. Ní ọdún 2005, Sam Schillace àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé Writely jáde, ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ kọ. Ilé-iṣẹ́ Google rà á ní ọdún 2006. Òun ni ó di Google Docs. Ní ọdún kan náà ni Google gbé ìwé ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò jáde. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè tẹ̀lé e ní ọdún 2008.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òwe yìí ni àwọn ohun èlò wọ̀nyí fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà kan rí, bí olùkọ́ mẹ́rin bá fẹ́ jọ ṣe ìbéèrè ìdánwò, ẹnì kan yóò kọ ọ́, ìwé náà yóò lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹnì kan yóò sì tún gbogbo rẹ̀ dà kọ. Bí ẹ̀dà méjì bá wà, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí í ṣe àṣẹ́kù àti èyí tí í ṣe òtítọ́. Nísinsìnyí, ìwé kan ṣoṣo ni ó wà, gbogbo ọwọ́ sì ń bẹ lórí rẹ̀. Ó tún ní àǹfààní kan tí àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọdọ̀ fojú kéré: ìwé náà ń ṣe ìrántí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí ó kọ ọ́. Nínú iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́-jẹgbẹ́, níbi tí ẹnì kan ti máa ń ṣiṣẹ́ tí ẹni márùn-ún yóò sì fọwọ́ sí i, olùkọ́ lè rí ẹni tí ó ro oko àti ẹni tí ó kàn wá kórè.

Ọ̀pọ̀ ojú lórí ìwé kan tún jẹ́ ààbò fún òtítọ́. Ní ọdún 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, kọ ìwé kan lórí gbèsè ìjọba àti ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Àwọn olóṣèlú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń tọ́ka sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, ni a fún ní iṣẹ́ kíláàsì pé kí ó tún ìṣirò inú ìwé olókìkí kan ṣe, ìwé yìí ni ó sì mú. Ó ṣe é títí, èsì rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì fi ìwé ìṣirò wọn ránṣẹ́ sí i. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ìpíndọ́gba tí wọ́n ṣe kò kó gbogbo 20 orílẹ̀-èdè jọ; 15 péré ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2013, ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbà pé àṣìṣe yìí wáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dúró lórí èrò wọn ní gbogbogbòò. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní, ẹ̀rọ kì í mọ̀ bí ẹni tí ń lò ó bá fi ìlà márùn-ún sílẹ̀. Ohun tí a bá ní kí ó rò ni yóò rò. Èkejì, bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá ti ti ìwé wọn mọ́ inú àpótí ni, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ì bá rí àṣìṣe náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Lẹ́yìn ìwé àti ìṣirò, ó kù kí kíláàsì fúnra rẹ̀ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe èyí ni Martin Dougiamas, ọmọ ilẹ̀ Australia. Inú aṣálẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà ni ó dàgbà sí, ilé-ẹ̀kọ́ sì jìnnà réré sí wọn. Orí rédíò ni olùkọ́ ti ń kọ́ ọ. Ní ọdún 2002, ó gbé ètò kan tí ń jẹ́ Moodle jáde. Olùkọ́ lè kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀, kí ó fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́, kí ó gba ìdáhùn wọn, kí ó sì pa máàkì mọ́. Dougiamas kò ta á. Ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ọdún 2014 ni Google gbé Google Classroom jáde, èyí tí ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń gbé inú kọ̀ǹpútà Google nìkan.

Ọdún 2020 ni ọdún ìdánwò fún gbogbo wọn. Àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa káàkiri àgbáyé. UNESCO ṣírò rẹ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn ju bílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ tì ní oṣù Kẹta ọdún náà. Níbi tí iná mànàmáná wà, tí òbí sì lówó dátà, kíláàsì ń bá a lọ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Níbi tí kò sí, fóònù kan ṣoṣo nínú ilé ni bàbá gbé lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ sì jókòó. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ padà sí orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n láti kọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959. Èyí fi hàn pé ohun èlò tuntun kì í lé ti àtijọ́ jáde nílé. Olùkọ́ tí ó gbọ́n a máa mọ èyí tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè tó, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìbéèrè kẹta: ta ni ó ni ohun tí a kọ? Yorùbá ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ìwé tí olùkọ́ kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí nínú fóònù rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ní òkèèrè ni ó wà. Ilé-iṣẹ́ náà kò gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìtàn ti fi èyí hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2013, Google pa Google Reader, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka ìròyìn. Wikispaces, tí àwọn olùkọ́ ti ń lò láti ọdún 2005 láti fi ṣe ojú ewé fún kíláàsì wọn, bẹ̀rẹ̀ sí ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2018. Jamboard, pátákó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn gan-an nígbà àrùn kòrónà, kásẹ̀ nílẹ̀ ní òpin ọdún 2024. Lóòótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kéde ṣáájú, wọ́n sì fún àwọn ènìyàn láyè láti kó ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó ẹrù olùkọ́ tí kò gbọ́ ìkéde, tàbí tí ó ti fẹ̀yìn tì? Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lè lọ bẹ́ẹ̀, láìsí ìjà, láìsí olè.

Ohun mẹ́rin ni ìtàn yìí fi lé àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́. Lọ́nà kìn-ín-ní, kí a mọ iṣẹ́ kí a tó wá irinṣẹ́. Bricklin mọ ohun tí ó ni í lára lójú pátákó kí ó tó ronú kan ẹ̀rọ. Olùkọ́ tí àròpọ̀ máàkì ń dà láàmú, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣirò nìkan; kò sí ohun tí ó ń lé e dé orí ohun èlò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Lọ́nà kejì, kí ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ pàtàkì wà nílé. Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, kí a gba ẹ̀dà sínú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó bá ní agbára lè gbé ètò bíi Moodle sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Lọ́nà kẹta, orúkọ ọmọ, máàkì rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń pín kiri. Ní ọdún 2023, Nàìjíríà ṣe òfin ààbò dátà ará ìlú. Ìwé tí a bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà kò yẹ kí ó ní àṣírí ọmọ ọlọ́mọ nínú. Lọ́nà kẹrin, kí a kọ èdè wa bí ó ti yẹ. Àkọtọ́ òde òní tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 kò di aláìwúlò nítorí pé a bọ́ sórí fóònù. Igbá, igba, ìgbà àti ìgbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí a kọ láìsí àmì ohùn lè di orúkọ ẹlòmíràn. Àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà ti lè kọ àmì wọ̀nyí. Ìkáàánú ni kí olùkọ́ èdè Yorùbá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi wọ́n sílẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ arọ́kìn títí dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ kan náà ni a ń ṣe: a ń tọ́jú ohun tí a mọ̀ kí ó má baà sọnù. Arọ́kìn gbé tirẹ̀ sí orí, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ kí orí kan má baà jẹ́ ibùgbé rẹ̀ nìkan. Olùkọ́ òde òní ní ọ̀pọ̀ ọwọ́ lórí ìwé kan, èyí dára. Kí ìwé kan náà má wà ní ibì kan ṣoṣo, ìyẹn ni ọgbọ́n tí ó kù.